Nígbà tí Sílíńdà Ọkọ̀ Jẹ́ẹ̀tì Bá Sán

Bí a bá dárúkọ ọkọ̀ ojú omi, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn wa ni àjẹ̀, tàbí abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí nínú omi ní ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ kan wà tí kò ní àjẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò sì yọ síta rárá. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ni à ń pè é. Omi odò ni ó ń fà mu láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ irin kan tí ó fara pamọ́ sínú ihò a gba omi náà, a sì tú u jáde ní ẹ̀yìn pẹ̀lú agbára ńlá. Ìtújáde omi yìí ni ó ń ti ọkọ̀ náà síwájú.

Orílẹ̀-èdè Niu Sílándì ni wọ́n ti ṣe irú ọkọ̀ yìí dé ojú àmì, kì í sì í ṣe fún fàájì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní erékùṣù gúúsù orílẹ̀-èdè náà, àwọn òkè gíga wà tí yìnyín bò lórí láti ọdún dé ọdún. Láti ara àwọn òkè wọ̀nyí ni odò Waitaki, odò Rakaia, odò Waimakariri àti ọ̀pọ̀ mìíràn ti ń ṣàn wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn a pín sí ẹ̀ka púpọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, wọn a pínyà, wọn a tún pàdé, bí irun tí a di tí ó sì tú ká. Omi wọn a máa sáré, ṣùgbọ́n ní ibòmíràn kì í jìn ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí ó bá ní abẹ̀bẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kò lè rìn jìnnà níbẹ̀ kí òkúta tó kán abẹ̀bẹ̀ náà dànù.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Hamilton, tí a bí ní ọdún 1899, ní oko àgùntàn ńlá kan ní agbègbè náà tí wọ́n ń pè ní Irishman Creek. Olóko ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára irin; ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tí oko rẹ̀ nílò, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Ní ọdún 1954 ni ó gbé ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sórí omi. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú pé omi títú lè ti ọkọ̀. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú, àní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ni ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé ó mú ẹnu ihò tí omi ń gbà jáde kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ó gbé e wá sí ẹ̀yìn, ó sì gbé e ga ju ojú omi lọ díẹ̀, kí omi lè tú jáde sínú afẹ́fẹ́. Ìyípadà kékeré yìí ni ó sọ ọkọ̀ tí ń wọ́ di ọkọ̀ tí ń fò. Ní ọdún 1960, àwọn ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì gòkè odò Colorado ní Amẹ́ríkà, wọ́n la àfonífojì ńlá tí à ń pè ní Grand Canyon kọjá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohun tí ọkọ̀ kankan kò tíì ṣe rí. Ní ọdún 1977, Edmund Hillary, ẹni tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè Everest ní ọdún 1953, fi ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì gòkè odò Ganges ní Íńdíà láti ẹnu òkun, títí ó fi dé ibi tí omi ti ń já lulẹ̀ láti orí àpáta tí ọ̀nà sì dí.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ irú ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kò ní bíréèkì. Bí awakọ̀ bá fẹ́ yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ẹnu ihò omi ni ó ń yí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá fẹ́ dúró, yóò sọ ọmọrí irin kan kalẹ̀ síwájú omi tí ń tú jáde, kí omi náà lè ṣẹ́rí padà. Ẹ kíyè sí i pé omi tí ẹ́ńjìnnì ń tú ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, omi kò tú mọ́; bí omi kò bá sì tú mọ́, awakọ̀ tí ó di ìtọ́kọ̀ mú kò yàtọ̀ sí ọmọdé tí ó fi ọmọrí ìkòkò ṣe ìtọ́kọ̀ mọ́tò lórí ẹní. Ọkọ̀ náà di igbá tí ó bọ́ sójú àgbàrá. Ní àfonífojì odò Shotover, nítòsí ìlú Queenstown, níbi tí wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ yìí gbé àwọn tí ó wá ṣe fàájì, ògiri àpáta ni ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì, ọkọ̀ a sì máa sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èrò yóò máa fa apá rẹ̀ mọ́ra. Abájọ tí wọ́n fi ń fi ẹ́ńjìnnì méjì sínú àwọn ọkọ̀ kan, kí ọ̀kan lè mú ọkọ̀ dé èbúté bí èkejì bá kú. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, sílíńdà tí ó sán kúrò ní ọ̀ràn owó nìkan.

Kí wá ni sílíńdà? Ihò róbótó kan ni nínú irin, tí ojú rẹ̀ dán bí dígí. Písítínì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ bí ọmọ odó ti ń ṣe nínú odó. Epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ a wọ inú rẹ̀, písítínì a fún wọn pọ̀, iná a ṣẹ́ sí wọn, wọn a gbiná lójijì; agbára iná náà a ti písítínì wálẹ̀, písítínì a sì yí ọ̀pá irin tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíráńkì. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí wọ́n tún ṣe kí ó lè bá orí omi mu ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Sílíńdà wọn lè jẹ́ mẹ́rin, ó lè jẹ́ mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ mẹ́jọ. Gbogbo sílíńdà wọ̀nyí ni wọ́n dà pọ̀ sínú irin kan ṣoṣo tí à ń pè ní búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù kò dí gbagidi nínú; yàrá tóóró kan yí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ká, inú yàrá yìí ni omi sì ń gbà kọjá láti máa mú ooru kúrò lára irin. Bí omi yìí kò bá sí, kò ní pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná débi pé písítínì yóò lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà.

Nínú mọ́tò, omi kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì kò ní rédíétọ̀. Odò ni rédíétọ̀ wọn. Omi tútù a ti inú ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì wọlé, a yí sílíńdà ká, a sì padà sínú odò pẹ̀lú ooru tí ó gbé. Ọ̀nà yìí rọrùn, kò sì ná ènìyàn ní owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti inú ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ìdí pàtàkì méjì tí búlọ́ọ̀kù fi ń sán ti wá. Èkíní ni omi tí ó dì sínú rẹ̀. Èkejì ni omi tí kò dé inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti omi dídì ṣáájú, nítorí òun ni yóò ṣe àjèjì sí àwa tí a ń gbé ilẹ̀ olóoru. Ẹni tí ó bá ti bu omi kún ìgò dé ẹnu rí, tí ó dé e pinpin, tí ó sì gbé e sínú ẹ̀rọ amómidì títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti rí i pé ìgò náà bẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun ni ó ń sún kì bí ó bá ń tutù. Omi yàtọ̀: bí ó bá ń di yìnyín, ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i. Omi tí ó kún ife 100 yóò di yìnyín tí ó tó ife 109. Níbo ni ife 9 náà yóò gbà lọ nínú yàrá irin tí a ti dí? Ògiri yàrá ni yóò yà fún un. Irin dídà ni wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù púpọ̀. Irin yìí lágbára lọ́pọ̀lọpọ̀ bí a bá gbé ẹrù lé e lórí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a fa òun. Irin tí alágbẹ̀dẹ ń lù a máa tẹ̀. Irin dídà kì í tẹ̀ rárá, sísán ni tirẹ̀.

Ní agbègbè Mackenzie tí oko Hamilton wà, oṣù Òkúdù títí di oṣù Ògún ni ìgbà òtútù, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Omi inú garawa a máa dì lóru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ọkọ̀ wọn sínú àká ní àkókò náà. Gbogbo búlọ́ọ̀kù ni ó sì ní ihò kékeré ní ìsàlẹ̀ tí a fi bóòtì dí, kí a lè ṣí i kí omi inú rẹ̀ lè dà nù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀ràn ti ń bà jẹ́ ni pé omi tí ó ń ti orí òkè yìnyín bọ̀ a máa gbé iyanrìn tí ó kúnná bí èlùbọ́, iyanrìn yìí a sì rọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá omi, ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà gan-an. Olówó ọkọ̀ a ṣí bóòtì, omi a kán tó, tó, tó, a sì dá. Òun a rò pé omi ti tán, kò mọ̀ pé iyanrìn ni ó dí ihò. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Wọn a ti wáyà bọ ihò náà, wọn a máa rò ó títí omi tí ó fara pamọ́ yóò fi tú jáde.

Àwọn kan a máa fi ọkàn balẹ̀ pé àwọn ọmọrí pẹlẹbẹ róbótó tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù yóò ta jáde kí irin tó sán. Iṣẹ́ tí a fi ọmọrí wọ̀nyí síbẹ̀ fún kọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń da búlọ́ọ̀kù, iyanrìn ni wọ́n fi ń ṣe àyè tí omi yóò máa gbà; lẹ́yìn tí irin bá tutù, wọn a kó iyanrìn náà jáde láti inú àwọn ihò kan, ihò wọ̀nyẹn ni ọmọrí wá ń dí. Òtítọ́ ni pé nígbà mìíràn yìnyín a máa ta wọ́n dànù. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọrí a wà ní ipò rẹ̀ digbí, ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù a sì ti là gbọọrọ. Kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí yìnyín kì í jò. Ó di ìgbà tí ooru bá dé, tí a gbé ọkọ̀ lọ sí odò, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ jáde lára irin.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ lóde òní kì í jẹ́ kí omi odò wọ inú búlọ́ọ̀kù mọ́. Wọn a bu omi tiwọn sínú ẹ́ńjìnnì, wọn a sì po oògùn kan tí ń jẹ́ gláíkọ̀lù mọ́ ọn. Bí ìdajì bá jẹ́ omi tí ìdajì sì jẹ́ gláíkọ̀lù, kò ní dì títí òtútù yóò fi lọ ju 30 dígírì sí ìsàlẹ̀ òdo. Omi odò a kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nínú ọ̀pá mìíràn láti gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ojú tèmi, owó tí a bá ná sórí èyí kò ṣòfò, àgàgà fún ọkọ̀ tí ó bá ń wọ òkun, nítorí iyọ̀ òkun a máa jẹ ògiri búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ láti inú.

Ìdí kejì ni omi tí kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Koríko odò tàbí iyanrìn lè dí ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Mọ́tò tí ń sáré lójú títì tí ó tẹ́jú kì í lo gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì dà bí mọ́tò tí ń gun òkè láti àárọ̀ títí di alẹ́. Nítorí náà, bí omi bá dá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná kọjá ààlà. Èyí tí ó burú jù ni pé kí ohun tí ó dí ọ̀nà ṣí lójijì, kí omi yìnyín tútù rọ́ lu irin tí ó ti gbóná janjan. Ẹ wo ìkòkò amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kúrò lórí iná tí ẹnì kan sì da omi àmù sí. Apá kan ń sún kì, apá kejì kò tíì gbọ́. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni yóò sán. Yìnyín sábà máa ń la ògiri ìta búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ooru a máa la ògiri inú, láàrin sílíńdà àti yàrá omi, tàbí kí ó la ọmọrí ńlá tí ó wà lórí sílíńdà, láàrin ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde.

Bí ògiri inú bá sán, ojú kò lè rí i láti ìta, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í mú un mọ́ra. Awakọ̀ tí ó bá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ yóò rí i pé ọ́ìlì ti funfun, ó ki, ó dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí ní àbùjù. Omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Ọ́ìlì náà yóò sì ga ju bí ó ti yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó bu kún un. Èéfín funfun a máa rú jáde bí ẹni ń se ẹ̀kọ, kò sì ní dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì ti wù kí ó pẹ́ tó tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Agbára ọkọ̀ a dínkù. Ẹni tí ó bá rí àwọn àmì wọ̀nyí tí ó tún ń tẹ̀ síwájú, ó ń fi ẹ̀mí wéwu, nítorí omi tí ó bá kún sílíńdà kì í ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Písítínì a gòkè wá, a kọlu omi bí ẹni kọlu òkúta. Ọ̀pá tí ó gbé písítínì dúró a tẹ̀ kọrọdọ, tàbí kí ó já kí ó sì lu ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù yọ síta. Ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn, ní ibi tí odò bá wù ú.

A kò gbọdọ̀ yára dájọ́ pé búlọ́ọ̀kù ni ó sán. Gáskẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàrin búlọ́ọ̀kù àti ọmọrí rẹ̀ lè jóná, kí ó sì mú irú àmì kan náà wá. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le tó ti búlọ́ọ̀kù rárá. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ a tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, a fọ gbogbo irin rẹ̀ mọ́ tónítóní, a sì wá ojú sísán kiri. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè dán an wò. A ó fi epo kẹrosíìnì pa ojú irin, a ó jẹ́ kí ó wọra, a ó nù ún gbẹ, a ó sì fi ẹfun kun ibẹ̀. Epo tí ó ti wọ inú ojú sísán yóò máa yọ padà díẹ̀díẹ̀, yóò sì fa ìlà dúdú gbọọrọ sára ẹfun náà. Ọ̀nà òde òní kan náà ni, àfi pé ọ̀dà pupa ni wọ́n ń lò dípò kẹrosíìnì. Wọ́n tún lè fi òòfà fa irin náà, kí wọ́n sì wọ́n lẹ́búlẹ́bú irin sí i. Lẹ́búlẹ́bú náà yóò kó ara jọ sí ojú ibi tí ó sán. Fún yàrá omi, wọn a dí gbogbo ihò rẹ̀, wọn a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, wọn a sì ri búlọ́ọ̀kù bọ inú omi gbígbóná. Ibi tí ó bá ń hó pùtùpùtù, ibẹ̀ ni.

Ibi tí irin ti sán ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe sí i, gígùn rẹ̀ kọ́. Ojú sísán tí ó gùn ní ẹ̀gbẹ́ ìta lè ṣeé tún ṣe, kí èyí tí kò tó ìka kan ní ìdí kíráńkì sì sọ búlọ́ọ̀kù di ẹrù àwọn tí ń ra àlòkù irin. Ẹ̀gbẹ́ ìta, omi nìkan ni ó ń dá dúró. Ìdí kíráńkì ni ó ń gba gbogbo ìgbájú tí iná ń gbá písítínì, nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan. Àtúnṣe tí a bá ṣe síbẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ènìyàn lè rò pé kí a sáà jó irin náà mọ́ra ni. Irin dídà kò gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Èédú pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń lọ láti ìdá 2 títí dé ìdá 4 nínú 100, èyí ni ó sì mú kí ó le kí ó sì gan. Bí a bá fi iná jó ojú kan ṣoṣo nígbà tí ìyókù tutù, ibi tí a jó a fẹ̀, ìyókù kò ní yà fún un. Bí ó bá sì ń tutù padà, yóò fà títí yóò fi sán ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a tún ṣe. Ajórinmọ́rin tí ó mọ̀ ọ́n ṣe a kọ́kọ́ mú odindi búlọ́ọ̀kù gbóná nínú ààrò, tó nǹkan bí 600 dígírì, a jó o mọ́ra bẹ́ẹ̀, a sì bò ó mọ́ inú iyanrìn gbígbẹ tàbí eérú kí ó lè tutù jẹ́jẹ́, láti òní títí di ọ̀la. Iṣẹ́ ńlá ni, búlọ́ọ̀kù náà sì lè ká kò kí ó tó tutù tán.

Ọ̀nà kan wà tí kò fẹ́ iná rárá, òun ni ó sì wù mí jù. Ẹ ti rí bí àwọn àgbà ti ń lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì igbá tí ó sán, tí wọn a sì fi okùn gán an títí kò fi ní jò mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gán irin. Wọn a kọ́kọ́ lu ihò sí orí àti ìdí ojú sísán, kí ó má baà rìn síwájú mọ́; ojú sísán tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́ a máa rìn, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sínú ihò róbótó, agbára tí ń fà á ya a fọ́n ká. Lẹ́yìn náà, wọn a lu ihò sí ojú ìlà náà, wọn a wé ẹnu rẹ̀ bí ti nọ́ọ̀tì, wọn a yí ìṣó irin oníwèé sínú rẹ̀, wọn a gé orí rẹ̀ dànù. Ihò kejì a jẹ díẹ̀ lára ìṣó àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta a jẹ díẹ̀ lára èkejì, títí ìṣó yóò fi to ara wọn gbọọrọ, tí ọ̀kan di ìkejì mú. Ní agbedeméjì, wọn a gbẹ́ kòtò tóóró dábùú ìlà náà, wọn a sì gbá irin kan sínú rẹ̀ tí yóò fa etí méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá fi ayùn-irin dán ojú rẹ̀ tán, ó ṣòro fún àlejò láti mọ ibi tí ó ti sán. Kò sí iná, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ká kò.

Bí ó bá jẹ́ pé ògiri sílíńdà gan-an ni ó sán, gígán nìkan kò tó, nítorí písítínì kò gbọdọ̀ máa gba orí ìṣó kọjá. Sílíìfù ni wọ́n ń lò. Wọn a gbé búlọ́ọ̀kù sórí ẹ̀rọ, wọn a gbẹ́ sílíńdà náà fẹ̀ sí i, wọn a sì ti ọ̀pá irin tuntun tí ó ní ihò nínú bọ̀ ọ́, bí ẹni ti àkọ̀ sínú àkọ̀. Sílíìfù náà a tóbi ju ihò tí yóò wọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi tóbi kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Báwo ni yóò ṣe wọlé? Wọn a mú búlọ́ọ̀kù gbóná kí ó lè fẹ̀, wọn a mú sílíìfù tutù kí ó lè sún kì, ó sì di dandan kí ẹni tí ó ń tì í má ṣe lọ́ra. Bí ooru àwọn méjèèjì bá dọ́gba, irin a di irin mú, kò tún sí ohun tí yóò yọ ọ́ bí kò ṣe ẹ̀rọ. Wọn a wá gbẹ́ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n àwọn sílíńdà yòókù, wọn a sì fi òkúta ìpọ́nrin ha ìlà wẹ́wẹ́ tí ó dábùú ara wọn sí ogiri rẹ̀. Ìlà wọ̀nyí ni ọ́ìlì yóò máa fara pamọ́ sí.

Nígbà mìíràn, kí a pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù ni ó bọ́gbọ́n mu. Bí sílíńdà tí ó sán bá ju ọ̀kan lọ, bí ìlà náà bá wọ ìdí kíráńkì tàbí ihò àwọn bóòtì ńlá tí ó di ọmọrí mọ́lẹ̀, tàbí bí owó àtúnṣe bá ti ń lé owó búlọ́ọ̀kù mìíràn bá, kò sí ohun tí a tún ń wá níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí ó wọ́pọ̀ kì í ṣòro rí, àǹfààní ńlá sì ni èyí fún olówó ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti àtijọ́ tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni ènìyàn lè fi gán irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ láìkábàámọ̀. Ní ti ọkọ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ èrò, èyí tí àjọ Maritime New Zealand ń mójú tó lábẹ́ òfin, èmi kò ní fọwọ́ sí i kí a fi àtúnṣe tí a ń ṣiyè méjì sí gbé ọmọ ọlọ́mọ wọ àfonífojì.

Ẹni tí ó bá pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Kíráńkì, písítínì àti rìǹgì ni a ó wọ̀n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí a tó kó wọn sínú ilé tuntun. Àwọn bóòtì tí ó di ọmọrí mọ́lẹ̀, láti àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, ní ìpele ìpele. Bí a bá fún ọ̀kan pa kí a tó kan èkejì, ọmọrí a wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun a sì jò. Nígbà tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀, ọ̀pá rẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gbọọgba. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ yẹ̀ lára èkejì, gbogbo ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, béárìnnì yóò sì jẹ tán kí oṣù tó yí po. A kò gbọdọ̀ ṣí i lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti gbọ́ ohùn rẹ̀, bí ayọ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, nítorí kò sí odò tí yóò tù ú lára. Rọ́bà omi ẹ̀rọ ni a ó kọ́kọ́ so mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí ni wọn a tó gbé e lọ sí ibi tí odò ti fẹ̀ tí omi rẹ̀ sì rọlẹ̀, tí bèbè rẹ̀ jẹ́ iyanrìn, wọn a sì wà á jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan, láìjìnnà sí ẹni tí ó dúró ní etí omi pẹ̀lú okùn. Bí wọ́n bá padà dé, wọn kì í kọ́kọ́ bi awakọ̀ léèrè bí ó ti sáré tó. Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì ni wọ́n ń fà yọ. Wọn a nù ún sára aṣọ funfun, wọn a gbé e síta nínú oòrùn, wọn a sì wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ jọ oyin tàbí tíì tí a bu mílíìkì sí.